Ojú-Ìwé Méjìdínlógún

Ìwọ tó fẹ́ ka ìtàn yìí, ṣọ́ra. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ léèrè bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn kan pa, kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí o tó fi hàn án. Owú kì í pariwo. Ó lè jókòó tì ọ́, kó máa bá ọ rẹ́rìn-ín, kó sì ti mú ọ̀bẹ dání. Ó tún lè jẹ́ pé ìwọ gan-an lo bá a pọ́n ọ̀bẹ ọ̀hún. Wò ó, má sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún ọ. Àǹtí Máàkì kò rí ẹni kìlọ̀ fún un.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú, obìnrin náà jókòó sórí àpótí ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bàtà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, ó di ìwé kan mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun. Kì í ṣe àyè rẹ̀ nìyẹn. Àyè rẹ̀ ni àga tó wà níwájú kọ̀ǹpútà, àga tí tìmùtìmù rẹ̀ ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀ lónìí.

Ẹlòmíràn ọ̀hún ni àfẹ́sọ́nà Àbúrò Ọ̀gá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé jáde, tí èékánná rẹ̀ ń dún lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí òjò lórí páànù. Nínú ọkàn Àǹtí Máàkì, orúkọ kan ló ní: Ọmọ Yunifásítì.

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì," Ọmọ Yunifásítì sọ. "Ojú-ìwé márùn-ún tún lọ láàárọ̀ àná. Gbogbo ẹ̀ wá di méjìdínlógún."

"Ó wà nínú ìwé mi," Àǹtí Máàkì dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré. "Mo ti kọ ọ́."

"Àǹtí, a mọ̀ pé ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ṣe é là ń wá."

Ṣọ́ọ̀bù yìí ń ṣe bàtà fún ẹsẹ̀ tí àwọn oníbàtà yòókù gbàgbé: ẹsẹ̀ tí ọ̀kan kúrú ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ oníka mẹ́fà, ẹsẹ̀ tó wú, ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ìdajì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì kọjá lójú títì kó yà wọlé. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Á jókòó sílé rẹ̀, á tẹ ìṣòro ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ aṣàwárí tí gbogbo ayé fi ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á sì júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún un. Ojú-ìwé méjìlélógójì ni ṣọ́ọ̀bù ní lórí ìkànnì rẹ̀, ọ̀kan fún irú bàtà kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ aṣàwárí ní ìwé orúkọ tirẹ̀. Ojú-ìwé tí kò bá sí nínú ìwé orúkọ yẹn, ó dà bí lẹ́tà tí èèyàn kọ tán tó wá fi sábẹ́ ẹní.

Iṣẹ́ Àǹtí Máàkì ni láti mọ èyí tó wà nínú ìwé orúkọ ọ̀hún àti èyí tí kò sí. Láràárọ̀, á wá ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ. Èyí tó bá jáde, á fi bírò pupa máàkì í. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ́ra lórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ láàárín ọdún mẹ́fà, kò tíì pa àárọ̀ kan jẹ rí.

Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, méjìdínlógún nínú àwọn ojú-ìwé náà ti pòórá. Fóònù ṣọ́ọ̀bù kò dún mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, wọn ò ní rí iṣẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Àbúrò Ọ̀gá ló lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé ni," ló sọ. "Ta ló ń fi ọlọ́pàá gbálẹ̀ ilé rẹ̀?"

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kò sí aṣọ tó ki tí kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó wọlé, ó kí wọn, ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ tí wọ́n tò sára ògiri. Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ó ní. "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

Àbúrò Ọ̀gá la ẹnu. Ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí ọwọ́ ọmọdé. "Mama, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn la pè yín sí o."

"Mo gbọ́. Ẹnu tó fẹ́ purọ́ máa ń fẹ́ kí ọwọ́ òun sinmi. Wọn ẹsẹ̀ mi, ọmọ mi. Máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ."

Àbúrò kúnlẹ̀, ó tẹ́ bébà sílẹ̀, ó fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ náà po.

"Kí ló ṣe àwọn ojú-ìwé yìí gan-an?"

Ọmọ Yunifásítì ló dáhùn láti orí àga. "Ẹnì kan wọnú wọn lọ, ó fi àmì kan síbẹ̀. Oníbàárà ò lè rí àmì yẹn, ẹ̀rọ aṣàwárí ló ń rí i. Ohun tí àmì ọ̀hún ń sọ fún ẹ̀rọ ni pé, 'Má kọ mí sílẹ̀.' Bí ẹ̀rọ bá ti rí i, á pa orúkọ ojú-ìwé náà rẹ́."

"Ìkànnì yín ò lè sọ ẹni tó wọlé?"

"Orúkọ kan náà ni gbogbo wa fi ń wọlé, mama. Kì í sì í kọ ọjọ́ tàbí wákàtí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ nìyẹn, lára tábìlì."

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó: bébà kékeré kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ igi. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ tilẹ̀kùn tán, ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ há a lọ́rùn." Ó padà sọ́dọ̀ Àbúrò. "Ta lo fura sí?"

Àbúrò ò gbé orí. "Mi ò fẹ́ tàbùkù àgbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó. Àárọ̀ Sátidé ni méjì àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ Ajé, márùn-ún. Ọjọ́bọ̀, mẹ́fà. Àná tí í ṣe Ìṣẹ́gun, márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé láti ìdájí Sátidé yẹn, ó lọ ra awọ, àná ọ̀sán ló dé. Èmi wà nídìí bàtà. Ta ló wá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́?"

Gbogbo ojú yí sí kọ̀rọ̀. Àǹtí Máàkì tún di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Kí ló máa mú un ṣe é?" Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Owú ni! Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi lóṣù tó kọjá pé àfẹ́sọ́nà mi lè gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó máa yẹ ojú-ìwé méjìlélógójì wò kí èèyàn tó sín tán. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí ò kí i dáadáa mọ́."

"Mò ń kí i," Àǹtí Máàkì sọ.

"Ẹ̀ ń kí mi bí ẹni ń kí ajá aládùúgbò," Ọmọ Yunifásítì sọ, kò tilẹ̀ yíjú padà.

Òótọ́ ni. Àǹtí Máàkì mọ̀ pé òótọ́ ni. Oṣù kan gbáko ló ti ń wo èékánná yẹn, tó ń gbọ́ wọn kí oorun tó gbé e lọ. Èèyàn á máa fi bírò pupa ṣe ọdún mẹ́fà, ẹnì kan á wá sín, iṣẹ́ ti parí.

*

"Ó kan ọ̀gá," Abẹ́rẹ́ sọ.

Ọ̀gá ń fi aṣọ nu igi kan lára ògiri. Irun rẹ̀ ti funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà. "Àbúrò mi ti wọ̀n ọ́n fún yín."

"Tirẹ̀ ló wọ̀n. Ti ọ̀gá ni mo fẹ́."

"Òun ló ń wọ̀n ọ́n báyìí. Iṣẹ́ tèmi ti kọjá ìyẹn."

"Ẹ bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ọlọ́pàá kì í jáni jẹ."

Ọ̀gá kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mú pẹ́ńsù. Àǹtí Máàkì rí i pé ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú ní ọrùn ọwọ́, bí ẹni di ọmọ aláìgbọràn mú.

"Ta lẹ fura sí, sà?"

"Wọ́n fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi," Ọ̀gá ní. "Àwọn méjèèjì. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ìkànnì tuntun tí wọ́n ti gbà. Ẹni tó fẹ́ kó oníbàárà ẹni lọ, ṣé kò ní kọ́kọ́ pa iná ẹni ni?"

Àbúrò dìde fùú. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ta ló sọ fún yín?"

"Ògiri létí."

Ọmọ Yunifásítì yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, ìkànnì tuntun náà sì jáde lójú kọ̀ǹpútà: ojú-ìwé kan ṣoṣo, funfun, tí wọ́n kọ "Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀" sí lórí. Ìnagijẹ tí àwọn oníbàárà fún Àbúrò nìyẹn. "Àlá lásán ni," ó ní. "A ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ẹ̀yìn ìgbéyàwó la fi í sí."

Àǹtí Máàkì mí kanlẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn òun nìyí? Abẹ́rẹ́ wo ojú-ìwé funfun náà títí, ó ká bébà méjì tí wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi wọ́n sápò.

"Àǹtí Máàkì," ó ní, "ẹ gbé ìwé yín, ẹ bá mi kálọ."

*

Òdìkejì títì ni wọ́n lọ, sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kejì, ọkùnrin sísanra kan tó ń ṣe bàtà fún ẹsẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Alátakò. Ó rí ọlọ́pàá, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní èmi ni, àbí? Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ǹ bá ti ṣe é! Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn fóònù mi kù."

Bí ẹni pé fóònù náà ń gbọ́, ó han gooro lórí tábìlì. Alátakò lù ú, kò dákẹ́. Ó fi sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e.

"Ṣé ẹ ń jowú wọn?" Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Gidi gan-an. Ojú mi ń ta bí ata. Àwọn èèyàn ń wọ mọ́tò ọjọ́ méjì wá sọ́dọ̀ wọn, èmi ò rí oníbàárà láti ojúlé kejì pàápàá." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bí mo ṣe ń jowú wọn tó yìí, wọ́n ń jowú ara wọn jù mí lọ. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò Ọ̀gá yẹn, mo rí i láti ibí. Ó ń ka àwọn lẹ́tà ìdúpẹ́ oníbàárà lójú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bí ẹni mu òróró gbígbóná."

Wọ́n jáde. Àga gígùn kan wà lábẹ́ ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ jókòó, ó na ọwọ́.

"Ìwé yẹn."

Ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Máàkì pupa, máàkì pupa. Ó dúró. "Kí ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké aláwọ̀ búlúù yìí?"

"Kò ṣe pàtàkì, madam. Tara mi ni."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Bí wọ́n bá pààrọ̀ àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ lójú-ìwé kan..." Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ aṣàwárí kì í tètè gbọ́. Ó ní nǹkan kan tó ń rìn káàkiri bá a wo ojú-ìwé. Ibi tí èrò bá pọ̀, á padà síbẹ̀ kíákíá. Ibi tó bá dá, ó ń pẹ́. Mo máa ń ka iye ọjọ́ tó fi ń pẹ́. Èyí, ọjọ́ kan. Èyí, ọjọ́ mẹ́ta. Ti bàtà ọmọdé yìí, ọjọ́ mọ́kànlá, kì í yẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ tún wo àwọn nọ́ńbà náà. Ó ń fi ìka ka nǹkan lórí orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé dé ẹ̀yìn, ìka rẹ̀ sì dúró. Ewé kan ti ya kúrò níbẹ̀, etí rẹ̀ rí págunpàgun.

"Èyí ńkọ́?"

"Mo fi nu bírò ni," Àǹtí Máàkì sọ.

Irọ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì kí Ọ̀gá tó rìnrìn àjò, ó wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní ojú-ìwé bàtà onígìgísẹ̀ gíga kan wà tí àwọn ò ṣe mọ́. Báwo lèèyàn ṣe lè ṣe é tí oníbàárà ò fi ní rí i mọ́? Inú Àǹtí Máàkì dùn. Ọ̀gá ò bi Ọmọ Yunifásítì, òun ló bi! Ó ya ewé kan, ó kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi ojú-ìwé onígìgísẹ̀ náà kọ́ ọ. Nígbà tí ojú-ìwé méjì lọ ní Sátidé, ó mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló mọ̀. Nǹkan dídùn kan sì kọjá láyà rẹ̀, nítorí pé ti Àbúrò ni méjèèjì, àti pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń sín yẹn kò rí i, òun ló rí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù dé. Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bá a jẹun. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní òun ló kọ́ ọ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní òun ló ṣe é.

"Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, níbo lẹ wà?" Abẹ́rẹ́ bèèrè lójijì.

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méjìlá. Mo wá lọ fi ojú mi han dókítà."

Abẹ́rẹ́ pa ìwé dé, kò sì dá a padà. Ó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tẹ́tí púpọ̀. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan lọ sí àgọ́. Mi ò sì fẹ́ mú ẹni tí kì í ṣe òun."

*

Ó ní kí Ọmọ Yunifásítì tẹ àwọn ojú-ìwé náà jáde sórí bébà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé awọ, lọ́nà mẹ́rin.

"Ọjọ́ tí àwọn ojú-ìwé lọ ni gbogbo yín ń wò," ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀rọ aṣàwárí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Máàkì ti ń kọ iye ọjọ́ tó fi ń pẹ́ lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, láti ọdún mẹ́fà. Méjì yìí lọ ní Sátidé. Ọjọ́ kan ló máa ń gbà á. Ọmọ mi, ka ọjọ́ kan sẹ́yìn."

"Ẹtì," Ọmọ Yunifásítì sọ.

"Márùn-ún yìí, Ajé. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹtì."

"Mẹ́fà, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà."

Ọmọbìnrin náà dúró díẹ̀. "Ẹtì náà ni."

"Márùn-ún, àná. Ọjọ́ mọ́kànlá."

Ó fi ìka rẹ̀ kà á, èékánná lórí èékánná. Nígbà tó gbójú sókè, ìwé tó wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ ló ń wò. "Ẹtì kan náà. Mama, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó máa kọ èyí sílẹ̀."

Àǹtí Máàkì gbọ́ ọ. Ó ti fẹ́ gbọ́ ọ fún oṣù kan. Kò dùn bó ṣe rò.

"Ọwọ́ kan, ìjókòó kan, ọjọ́ kan," Abẹ́rẹ́ sọ. "Ní Ẹtì yẹn, ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ wà ní ilé ìwòsàn, ẹ ń wọn ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ ìkànnì tuntun yẹn sì ti kúrò ńlẹ̀: ta ló ń jó ilé tó ń gbé nígbà tí kò tíì rí bíríkì kan tó fi máa kọ́ òmíràn? Ẹni méjì ló kù ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Àǹtí Máàkì ní àárọ̀. Ọ̀gá ní ọ̀sán."

Ọ̀gá ń nu igi rẹ̀ lọ.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwọn bébà yìí. Lẹ́tà ìdúpẹ́ oníbàárà wà lábẹ́ gbogbo wọn, orúkọ ẹnì kan ló sì wà nínú méjìdínlógún tó lọ. 'Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe é fún mi.' 'Ọlọ́run bá mi kẹ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀.' Àmọ́ mo ka èyí tó kù lórí ìkànnì yín, mo sì rí ìkọkàndínlógún tó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é ò fọwọ́ kàn án." Ó gbé bébà kan sókè: bàtà aláwọ̀ ilẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nípọn. "Àǹtí Máàkì, bàtà ta nìyí?"

"Ìyá àgbà kan ni. Oníbàárà. Àbúrò ló fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Rárá o."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí Àbúrò. "Ọmọ mi?"

Àbúrò wo bébà náà. "Ìyá wa ni. Bàtà tó wọ̀ kẹ́yìn nìyẹn kó tó kú. Òun ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀: 'Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi dúpẹ́.' Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi nìkan la mọ̀..."

Ó yíjú sí Ọ̀gá.

Abẹ́rẹ́ yọ bébà méjì tó wà nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ wọn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà. Ti Àbúrò mọ́ kedere. Ti Ọ̀gá wọ́, ó gbọ̀n, bí ipa kòkòrò nínú eruku.

"Láti ìgbà wo, sà?" Ohùn rẹ̀ ò le.

Igi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ó ti pé ọdún kan," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi!"

"Kí n sọ kí ni? Kí n sọ fún ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ pé ọwọ́ mi ò lè dúró lójú abẹ́rẹ́ mọ́? Láràárọ̀, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Lálaalẹ́, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ọwọ́ ta ló kọ́ ọwọ́ ọ̀hún? Kò sí lẹ́tà kan tó bèèrè. Ìyá mi pàápàá!" Ó tọ́ka sí bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ náà. "Mo jókòó tì í títí. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Mi ò lè tilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ló ń kí níbẹ̀."

Òdìkejì títì, fóònù Alátakò tún ń han.

"Ohun kan kù," Abẹ́rẹ́ sọ. "Ẹ ò mọ kọ̀ǹpútà, sà. Ẹnì kan ló fi ọ̀nà hàn yín."

Ọ̀gá tẹjú mọ́lẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìwé Àǹtí Máàkì wà lórí itan Abẹ́rẹ́, ìka rẹ̀ kan sì wà láàárín rẹ̀, ní ẹ̀yìn, níbi tí ewé ti ya. Kò ṣí i. Kò wo kọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Àǹtí Máàkì jù, pé kò sẹ́ni tó wo òun. Ó lè jókòó báyìí. Ó lè jókòó títí oòrùn á fi wọ̀, á sì lọ sílé.

Ó dìde.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ó ní. "Ó ní ojú-ìwé kan ṣoṣo ni. Mo kọ ọ́ fún un sórí ewé. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe bẹ́ẹ̀."

"Àǹtí Máàkì, jókòó," Ọ̀gá sọ. "Mo ní kí o jókòó."

"Rárá, sà."

Abẹ́rẹ́ wá wò ó. "Nígbà tí méjì àkọ́kọ́ lọ, ẹ mọ̀ pé òun ni?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ lè yọ àmì yẹn kúrò lára àwọn tó kù lọ́jọ́ náà. Mẹ́rìndínlógún ni ì bá ṣì wà."

"Mo lè yọ ọ́."

"Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ fi ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

Àǹtí Máàkì wo àga níwájú kọ̀ǹpútà, ó wo tìmùtìmù tó ti mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ Yunifásítì náà ń wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yé. Ọmọbìnrin náà rọra dìde kúrò lórí àga, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àǹtí Máàkì ò lọ jókòó síbẹ̀.

"Mo bi yín léèrè," Abẹ́rẹ́ sọ.

"Mo gbọ́, madam." Ó yọ bírò pupa lápò, ó gbé e lé orí ìwé náà, lórí itan ọlọ́pàá. "Ohun tí mo lè sọ, mo ti sọ ọ́. Ìyókù, mi ò ní sọ."